Ibi Tí A Lè Sá Sí

Gbogbo Ìwó ló gbà pé ogun ti parí, àfi bàbá mi. Àwọn ará àdúgbò wa ti ń kọ́ ilé sí ẹ̀yìn odi. Àwọn obìnrin ń ná ọjà Olúpọ̀nnà láìsí ẹni tó gbé ìbọn ṣáájú wọn. Òyìnbó ti la ojú irin kọjá nítòsí wa, àwọn tó sì ti rí ọkọ̀ náà kò jẹ́ kí etí wa sinmi mọ́. Bàbá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó mi orí. Ó ní àlàáfíà tí àlejò gbé wọ̀lú, bí àlejò bá ń lọ, yóò gbé e dání.

Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Nígbà tí bàbá mi wà lọ́mọdé, ogun dí gbogbo ọ̀nà oko mọ́ ìlú tí àwọn ará ilé rẹ̀ sá sí. Iṣu ń bẹ lóko, ebi ń pa wọ́n nílé, nítorí ẹni tó bá jáde lọ wa iṣu, wọ́n á mú un lẹ́rú. Wọ́n jẹ ewé. Wọ́n gbẹ́ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ. Àbúrò rẹ̀ obìnrin kú sí ẹ̀yìn ìyá wọn, ìyá náà kò sì mọ̀, ó ṣì ń pọ̀n ọ́n kiri. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni bàbá mi sọ ọ̀rọ̀ yìí létí mi, kò sì wo ojú mi nígbà tó ń sọ ọ́.

Ìdí nìyí tí yàrá kan fi wà nílé wa tí ẹnikẹ́ni kì í sùn sí. Èlùbọ́, àgbàdo àti ẹ̀wà ló kún ibẹ̀ dé àjà. Kòkòrò á jẹ ẹ́, a ó dà á nù, bàbá mi á tún kó òmíràn wọlé. Ìyá mi a máa sọ pé ọkọ ẹlòmíràn ń sin ewúrẹ́, ọkọ tòun ń sin kòkòrò. Bàbá mi á rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n kò jẹ́ fún ẹnikẹ́ni láàyè láti lo yàrá náà fún nǹkan mìíràn.

Nígbà tó yá, yàrá nìkan kò tó o mọ́. Ilẹ̀ ló ń fẹ́. Ilẹ̀ tó jìnnà sí ojú ọ̀nà, tí agbo ilé wa lè kó lọ lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá tún dí, kí wọ́n máa jẹ, kí wọ́n máa mu, láìjẹ́ pé ẹnì kan lọ sọ́jà. Ọdẹ kan júwe ibì kan fún un lẹ́yìn Ilé-Ogbó, níbi tí ẹgàn ti bẹ̀rẹ̀. Orúnkún bàbá mi kò jẹ́ kó lè rìn jìnnà mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ìyàwó, ó sì ní àwọn ọmọ kéwú tó ń kọ́. Èmi ni n kò ní nǹkan kan tó dá mi dúró, èmi náà ni ojú wọn sì bà lé.

Ó pè mí lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ," bàbá mi wí. "Lọ bá mi wo ilẹ̀ yẹn. Lọ gbé ibẹ̀. Ohun tí ilẹ̀ bá fún ọ ni kó o jẹ. O ò gbọdọ̀ ra nǹkan kan. Tó o bá ti la ẹ̀ẹ̀rùn já, wá sọ fún mi bóyá ibẹ̀ lè bọ́ wa."

"Tó bá lè bọ́ wa ńkọ́, Bàbá?"

"Wàá máa tọ́jú ẹ̀ dè wá nìyẹn."

Bí a ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Ẹni tó kọ́kọ́ dáná sórí ilẹ̀ tuntun ni ilẹ̀ náà mọ̀, òun ni yóò sì máa ṣọ́ ọ. Mo mọ̀ pé bí ibẹ̀ bá dára, ọ̀hún ni n óò máa gbé. Bí kò bá dára, mo ń padà bọ̀ wálé nìyẹn. N kò gbàdúrà pé kó má dára. Ṣùgbọ́n n kò gbàdúrà pé kó dára náà.

Ìyá mi di iyọ̀ díẹ̀ sínú ewé fún mi. Bàbá mi ní kí n dá a padà, nítorí iyọ̀ kì í hù láti inú ilẹ̀. Mo dá a padà. Mo gbé ọkọ́, àdá, iṣu gbígbìn àti adìẹ díẹ̀ tí a di lẹ́sẹ̀, mo sì lọ kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀.

Kí n má purọ́, ilẹ̀ náà dára. Inú a máa bí mi nígbà náà bí mo bá ronú bó ṣe dára tó. Dúdú ni erùpẹ̀ rẹ̀, ọkọ́ kì í kan òkúta níbikíbi. Odò kékeré kan ń ṣàn lábẹ́ ọ̀pẹ, àwọn ọ̀pẹ náà sì pọ̀ débi pé n kò ní láti gun èyí tó ga. Mo rí ewúro tó ń hù láìsí oko lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibi tí a bá ti rí ewúro nínú igbó báyìí, ènìyàn ti gbé ibẹ̀ rí. Nígbà tí mo gbẹ́lẹ̀ nítòsí rẹ̀, mo rí àpáàdì àti ọlọ tó ti là sí méjì. Ogun ló kó àwọn tó ni wọ́n, tàbí wọ́n sá lọ, n kò rí ẹni bi. Bàbá mi yóò sọ pé àmì rere nìyẹn, pé ibi tó ti bọ́ àwọn kan rí yóò bọ́ àwa náà. Èmi kàn rí i pé àwọn tó ti gbé ibẹ̀ ṣáájú mi kò sí níbẹ̀ mọ́.

Mo kọ́ ahéré, mo gbin iṣu, mo gbin àgbàdo àti ilá. Fún iyọ̀, mo sun èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo sẹ́ eérú rẹ̀, mo ń fi omi rẹ̀ se ọbẹ̀. Kò dùn, ṣùgbọ́n ó ṣeé gbé mì. Eérú yìí kan náà ni mo fi se ọṣẹ, ọṣẹ náà sì hó dáadáa. Gbogbo ohun tí bàbá mi rán mi láti wò ni mo ń wò, gbogbo rẹ̀ ló sì ń bọ́ sí i.

Ohun tí kò rán mi láti wò ló fẹ́ pa mí. A ní ìkíni fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́. A ní ìkíni fún ẹni tó jókòó tí kò ṣe nǹkan kan, fún ẹni tó ń ti odò bọ̀, fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fárí. Lóko yẹn, mo lè ṣe gbogbo rẹ̀ lóòjọ́ kan kí ẹnikẹ́ni má kí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara mi. Bí mo bá ń kọ ebè, n óò sọ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o," n óò sì dáhùn pé, "Oo, ẹ ṣeun." Lọ́jọ́ kan mo kí ara mi, mo gbàgbé láti dáhùn, inú sì bí mi bí ẹni pé wọ́n fojú di mí. Ìrun ojoojúmọ́ kò ni mí lára, ẹnì kan lè dá a kí. Jímọ̀ ni kò ṣeé dá kí. Bí mo bá rò pé Jímọ̀ ti pé, n óò wẹ̀, n óò wọ aṣọ tó mọ́, n óò wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà títí oòrùn yóò fi yẹ̀.

Adìẹ kan tó sá lọ ló mú mi dé oríta. Mo ń lé e nínú igbó, mo sì já síbi tí ojú ẹsẹ̀ kan ti pàdé ọ̀nà tó lọ sí Olúpọ̀nnà. N kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọ̀nà kankan wà lápá ibẹ̀. Mo bá ẹ̀kọ níbẹ̀, wọ́n tò ó sórí ewé, wọ́n to òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ wa kò ní béèrè ohun tí èyí jẹ́. Ẹni tó ni ọjà ti bá tirẹ̀ lọ sóko, òkúta ló sì fi ń sọ iye owó ẹyọ tó ń gbà. Mú ọjà, fi owó sílẹ̀, máa lọ. Olè kì í jí irú ọjà bẹ́ẹ̀, bí ó ti wù kó ya olè tó.

Mo fọwọ́ kan ẹ̀kọ náà. Ó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni.

Ebi kò pa mí. Mo ní iṣu nílé, mo ní àgbàdo. Bàbá mi sì ti sọ pé n kò gbọdọ̀ ra nǹkan kan. Mo tú owó ẹyọ díẹ̀ tó wà ní etí aṣọ mi, mo rà á. Mo jókòó sábẹ́ igi lóko mi, mo jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, mo sì tọ́jú ewé tí wọ́n fi dì í.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lọ. Ohun tó ń dùn mí ni pé n kò lè dúró dè é. Ta ni í dúró ti ọjà tí ẹni tó ni ín kò sí nítòsí? Ẹni tó fẹ́ jalè ni. Ẹni rere á mú, á san, á lọ. Bó bá dé, tó bá mi lúgọ síbẹ̀, kí ni n óò sọ? Pé mo ń dúró kó lè kí mi? Nítorí náà mo ń mú, mo ń san, mo ń lọ, bí ọmọlúwàbí, orí mi sì ń yí padà wo ẹ̀yìn.

Mo wá ọgbọ́n dá. Mo fi owó lé iye tó ń gbà. Nígbà tí mo padà lọ, ó ti ya èyí tó lé sọ́tọ̀ sórí ewé kékeré kan, ó fi òkúta tẹ̀ ẹ́ kó má bàa sọnù. Mo rẹ́rìn-ín, mo gbọ́ ẹ̀rín ara mi, mo sì rí i pé ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Ìgbà tí owó tán lọ́wọ́ mi, mo gbé iṣu sílẹ̀ níbẹ̀, mo to òkúta tèmi sí i. Ó ra iṣu náà, ó fi owó sílẹ̀, ó sì tún bu ata tútù lé owó náà lórí. N kò rí i rí kí ẹni tó rajà máa fi ènì fún ẹni tó tà á.

Mo pinnu pé obìnrin ni, nítorí bí wọ́n ṣe ń di ẹ̀kọ náà. Lọ́jọ́ mìíràn n óò rò pé ó dàgbà tó ìyá mi. Lọ́jọ́ mìíràn n óò rò pé kò dàgbà rárá. Bí ara mi bá ṣe rí lọ́jọ́ náà ni. Mo ń ro ohun tí n óò bá a sọ lọ́jọ́ tí a bá ṣèèṣì pàdé lójú ọ̀nà, kì í ṣe nídìí ọjà. Mo ti mọ ìkíni tí mo máa kọ́kọ́ kí i.

Iṣu tuntun jáde. Nílé wa, bí iṣu tuntun bá jáde, a kì í jẹ ẹ́ láìṣe sàráà. Bàbá mi á ní kí wọ́n sè é, kí wọ́n pín in fún ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá. Èmi náà fẹ́ ṣe sàráà, ṣùgbọ́n ta ló ń kọjá lọ́dọ̀ mi? Mo bá ro ẹnì kan ṣoṣo tí mo mọ̀. Ní Jímọ̀, mo se iṣu tuntun náà, mo da epo tuntun sí i títí ó fi pọ́n dáadáa, mo bù ú sínú igbá tí n kò tíì lò rí. Mo gbé e lọ sí oríta, mo gbé e sí àárín. N kò fi òkúta kankan sí i. Bí mo bá fi òkúta sí i, ọjà ni. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni.

Mo ń kọrin bí mo ti ń padà sóko. Ìgbà yẹn nìkan ni inú mi dùn tán ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà níbẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, igbá náà wà bí mo ti gbé e sílẹ̀, èèrà ló bò ó. Ẹ̀kọ kò sí. Mo ní bóyá kò gba ibẹ̀ kọjá ni. Mo padà lọ, kò sí ẹ̀kọ, mo tún padà lọ. Nígbà tó ṣe, mo rí i pé wọ́n ti la ọ̀nà mìíràn gba inú igbó. Ó yà kúrò kí ó tó dé oríta, ó ṣẹ́rí gba ẹ̀yìn ibẹ̀, ó wá já sí ọ̀nà Olúpọ̀nnà níwájú. Oje ṣì ń sun lára igi tí wọ́n gé. Ẹni tó gé e ti ṣe wàhálà púpọ̀ kó má bàa tẹ ibi tí mo tẹ̀.

N kò mọ ohun tí mo ṣe. Mo palẹ̀ igbá náà mọ́. Mo gbé iṣu síbẹ̀, mo to òkúta sí i dáadáa kó lè yé e pé èmi ni. Iṣu náà wà níbẹ̀ títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Mo lè gba ọ̀nà tuntun náà lọ, kí n lọ wá a, ṣùgbọ́n ẹni tó ti sọ báyìí pé òun kò fẹ́ pàdé mi, ojú wo ni n óò fi wá a lọ?

Ọyẹ́ dé. Ètè mi là, ẹsẹ̀ mi là, gbogbo ewé gbẹ, àfi odò náà. Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ wò ó, mo sì fẹ́ kó gbẹ. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó fà, ó tín-ín-rín láàárín òkúta, mo ń wò ó, mo ń sọ nínú mi pé ó kù díẹ̀. Kò dá. Ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ tún ṣú, ó ṣì ń ṣàn.

Mo gbéra ó di Ìwó. Kí n tó kọjá Ilé-Ogbó ni mo ti mọ ohun tí n óò sọ. N óò sọ pé odò gbẹ. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Bàbá mi kò lè rìn débẹ̀ láti lọ wò ó, ọdẹ yẹn sì ti kú kí n tó kúrò nílé. Wọ́n á ní ilẹ̀ náà kò dára, n óò sì máa gbé láàárín àwọn ènìyàn mi.

Ìyá mi ni mo kọ́kọ́ bá nílé. Ó di mọ́ mi, ó ní mo ti gbẹ, ó gbé oúnjẹ fún mi. Nítorí pé ẹnu mi ti pẹ́ ní dídì, gbogbo ọ̀rọ̀ tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Mo sọ nípa ẹ̀kọ, mo sọ nípa ata, mo sọ nípa igbá. Ilé olórìṣà ni wọ́n ti bí ìyá mi kó tó fẹ́ bàbá mi. Ó gbé ọwọ́ kúrò nínú ohun tó ń ṣe.

"Oúnjẹ elépo," ó wí, "nínú igbá tuntun, ní oríta. Òkúta ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀?"

"Sàráà ni, Ìyá."

"Ta ló máa mọ̀ pé sàráà ni, ọmọ mi? Ẹbọ lo gbé. Bó bá jẹ́ èmi ni mo bá a níbẹ̀, sísá ni n bá sá."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di àyà mú. Ó wá wo ojú mi, ẹ̀rín náà sì dákẹ́. Mo sunkún níwájú ìyá mi, èmi tí irùngbọ̀n ti ń hù. Ó ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn.

Bàbá mi wà lórí awọ àgbò tó fi ń kírun. Mo dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí, mo sì rí i pé ó ti to àwọn ìbéèrè náà sínú láti ọjọ́ tí mo ti lọ. Ó béèrè ilẹ̀, ó béèrè epo, ó béèrè ewé àgbo àti igi ilé. Mo ń dá a lóhùn pé wọ́n wà.

"Ṣé o ra nǹkan kan?"

"Mo rà, Bàbá. Mo ra ẹ̀kọ."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Ebi ló pa ọ́?"

"Kì í ṣe ebi, Bàbá. Mo fẹ́ mọ̀ pé ènìyàn wà ni."

Mo rò pé yóò bínú. "Nígbà tiwa," ó wí, "ènìyàn wà. A kún yàrá kan débi pé a ò lè na ẹsẹ̀. Oúnjẹ ni ò sí."

Mo ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn títí di òní.

"Omi ńkọ́?" ó wí. "Ṣé ó la ẹ̀ẹ̀rùn já?"

Irọ́ náà ti wà lẹ́nu mi. Mo wo bàbá mi. Ó ti tẹ̀ síwájú lórí awọ náà. N kò rí i rí kó bẹ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ló wà lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, èmi ló sì ń bẹ̀.

"Kò gbẹ, Bàbá," ni mo wí.

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó tún dúpẹ́, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó sì súre fún mi. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, mo ti padà sóko.

Mo ti wà níbẹ̀ láti ìgbà náà. Wọ́n fẹ́ ìyàwó fún mi, ènìyàn rere ni. Ó gbìyànjú. Nígbà tó bímọ, ó ní òun kò lè tọ́ ọmọ níbi tí kò sí ẹni tí yóò bá òun gbé e, ó sì padà sílé ní Ìwó. N kò bá a jà. Ọjọ́ ọdún ni mo máa ń lọ bá wọn. Mo ti béèrè ẹlẹ́kọ náà rí ní ọjà Olúpọ̀nnà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ta ẹ̀kọ níbẹ̀ pọ̀, n kò sì mọ bí mo ṣe lè júwe ẹni tí n kò rí rí. Lọ́dọọdún ni mo ń tún ahéré tí a óò kó sí ṣe, àwọn tí yóò gba gbogbo wa. Lọ́dọọdún ni mo ń gbin iṣu ju èyí tí ẹnì kan lè jẹ lọ.

Nígbà tí àìsàn dá bàbá mi gúnlẹ̀, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ó ní kí àwọn yòókù bọ́ síta. Ó bi mí pé bí ọ̀nà bá dí lónìí, ta ni yóò rí oúnjẹ jẹ lóko yẹn.

"Gbogbo wa, Bàbá."

"Àwọn ọmọ náà?"

"Gbogbo ọmọ, Bàbá. Kò sí èyí tí ebi máa pa."

Ó di ojú, ó sì sùn. Ìyá mi yọjú, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti wọ ilé bàbá mi, òun kò rí i kó sùn bẹ́ẹ̀ rí. Kò jí mọ́.

A sin ín, mo padà sóko. Ogun tí bàbá mi ń retí kò dé, nítorí náà kò sẹ́ni tó wá bá mi.